Ààwẹ̀ fún Kàdúná

"Gbé e mu, ọmọ mi. Ẹnu kan péré."

Mofẹ́olúwa yí orí kúrò. Ó fẹ̀yìn ti àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti funfun. Samuel, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ọmọ tó ń bá a sáré láràárọ̀ ń pè ní Sájẹ́ńtì, bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà tó ti fi eyín já létí. Omi náà ń kán sí i lọ́wọ́.

Bí Eunice ṣe bá wọn nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọ̀rányàn, níbi tó ti ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ, ni wọ́n ti lọ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ṣubú. Kò rántí bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn. Láti ibẹ̀ dé orí òkè Mápó, kò dá ẹnikẹ́ni tó kí i lóhùn, ó sì dájú pé àwọn kan ti ń bínú sí i báyìí.

"Kí ló ṣe é?" ó bi Sájẹ́ńtì.

"Èmi ló yẹ kí n bi yín, Ìyá Mofẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ yìí ń sáré láti ibí dé Bẹẹrẹ lẹ́ẹ̀mejì, á tún gun òkè yìí padà, á sì máa bá mi rẹ́rìn-ín. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ. Bó ṣe padà dé ìdí àtẹ̀gùn yìí ló wó lulẹ̀. Mo fún un lómi, kò gbà á. Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara ẹ̀ yá. Ààwẹ̀ la wà."

"Ààwẹ̀ wo?"

"Ọlọ́jọ́ méje. Láti àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Òní lọjọ́ karùn-ún. Torí Kàdúná náà ni."

Sájẹ́ńtì wò ó, ó wo ọmọ náà, ó sì rọra gbé píọ̀ wọ́tà náà sílẹ̀.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni Mofẹ́ yege nínú ìdánwò alákọsílẹ̀ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ di ọ̀gá ológun ní Kàdúná. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ní kó wá fún ìdánwò ara lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Wọ́n á sáré, wọ́n á ṣe púṣọ́ọ̀pù, dókítà á sì yẹ̀ wọ́n wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Eunice bọ́ síwájú ìjọ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun àti ọmọ òun máa gbààwẹ̀ kí ọmọ náà tó lọ. Wòlíì ìjọ wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Eunice ní rárá, méje ni. Tó bá ti ń bá Ọlọ́run ṣe nǹkan, kì í ṣe é lábọ̀.

"Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Mofẹ́," Sájẹ́ńtì sọ. "Mi ò bá yín jà lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n mo ti dúró lórí pápá tí wọ́n ti ń ṣe irú ìdánwò yìí rí. Ẹni tó bá ṣubú, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á pe nọ́ńbà tó kàn. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó gbààwẹ̀."

"Ọjọ́ Sátidé la máa parí ẹ̀. Á ti jẹun dáadáa kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Inú mọ́tò Kàdúná ló ti máa jẹun dáadáa? Odindi oṣù méjì la fi ń kó agbára yìí jọ, ẹ fi ọjọ́ márùn-ún tú u ká." Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. "Ẹ má bínú. Mi ò ní jẹ́ kó bá mi sáré mọ́ àfi tó bá jẹun. Tó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

Ojú ti Eunice, inú sì bí i. Ó ti fẹ́ dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá èèyàn lóhùn, àmọ́ ó tajú kán rí ọmọ rẹ̀ tó di àtẹ̀gùn mú láti dìde, tí kò lè dìde. Ẹ̀rù wá bà á.

Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà'ba. Eunice di ọmọ náà mú níbàdí kó má baà tún ṣubú. Ọwọ́ tó ti ń wọn èèyàn fún ogún ọdún ò nílò téèpù: ìbàdí náà ti fi íǹṣì méjì dín sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sọ fún ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Eunice ra ẹ̀kọ mẹ́rin àti ọ̀lẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní òdìkejì títì. Ó gbé e sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó gbé abọ́ omi tì í.

"Jẹun."

"Mi ò lè jẹ ẹ́, mà."

"Èmi ni mo ní kó o jẹ ẹ́."

"Mo gbọ́, mà. Ó ku wákàtí mẹ́jọ."

"Mofẹ́, ṣé o ò rí bó o ṣe dà ni?"

Ọmọ náà wolẹ̀.

"Màámi, tí mo bá jẹun, tí mo dé Kàdúná, tí wọn ò mú mi ńkọ́?"

"Wọ́n á mú ẹ."

"Tí wọn ò bá mú mi. Kí lẹ máa sọ?"

Eunice sún oúnjẹ náà mọ́ ọn.

"Ẹ máa sọ pé ẹnu mi ló pa mí. Ohun tí ẹ sọ nípa Bọ̀ọ̀dá Tóyìn nìyẹn."

Olúwatóyìn ni àkọ́bí Eunice. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì, ìyá rẹ̀ ní kó gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ará ilé kan rí i tó ń mu gàrí lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí èsì ìdánwò náà jáde tí kò dára, Eunice sọ ọ́ nílé, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá gba aṣọ: ẹnu ló pa á. Tóyìn ò tún ìdánwò náà ṣe mọ́ láyé. Ṣàgámù ló ń gbé báyìí, ó ń wakọ̀. Mofẹ́ ló máa ń pè lórí fóònù, kì í pe ìyá rẹ̀.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n ṣubú ní Kàdúná," Mofẹ́ sọ. Ohùn rẹ̀ kéré, kò sì sí ìbínú níbẹ̀. "Tí mo bá parí ààwẹ̀ kí n tó ṣubú, ẹ ò ní rí nǹkan kan sọ sí mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Eunice dé egungun. Ó fẹ́ búra pé òun ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé tí inú bá bí òun, ẹnu òun á ti sọ ọ́ kí òun tó ronú kàn án. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní gba ìbúra kankan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mofẹ́. Ẹ sì kú ààwẹ̀."

Adéyẹ́misí ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Sùtánà rẹ̀ ló wá gbà. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí oúnjẹ náà.

"Ṣé ẹ ní àlejò ni?"

Irọ́ náà ti wà létè Eunice. Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò, ó kàn jáde lọ ni. Kò sọ ọ́. Ó jókòó, ó fọ ọwọ́, ó ṣí ẹ̀kọ kan, ó bù ú, ó bu ọ̀lẹ̀ sí i, ó sì jẹ ẹ́.

"Ìyá Mofẹ́, aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni."

"Mo mọ̀." Eunice nawọ́ sí Mofẹ́. "Sístà, ẹ bá mi wo ọmọ yìí dáadáa. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́ àná. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́, èmi náà ni mo já a. Màá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú. Tí Kàdúná ò bá bọ́ sí i, tí ẹ bá gbọ́ tí mo ń di ẹ̀bi rù ú, ẹ dá mi lẹ́kun. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí."

Adéyẹ́misí wá ibi jókòó.

Ẹ̀rù Ọlọ́run ń ba Eunice gan-an. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní, Bàbá, dárí jì mí, ọmọ náà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bu òkèlè mìíràn.

Mofẹ́ ń wò ó. Ó wò ó títí tó fi jẹ ẹ̀kọ àkọ́kọ́ tán.

"Màámi."

"Kò sí ààwẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Mo ti jẹ ẹ́."

Mofẹ́ fa àpótí wá sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì ṣí ẹ̀kọ kan.