Aṣọ Ìyeyè Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Shizuno

Òtútù ti mú ìka Tamiyo le gbagidi kí ó tó lè so aṣọ aláwọ̀ ìyeyè kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé Kanbara. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ọ̀hún. Láti ìgbà tí ọmọ Kanbara ti wá gbé e lọ sí Osaka ni àwọn eku ti sọ ibẹ̀ di tiwọn. Tamiyo fa okùn aṣọ náà le, ó tẹrí ba fún ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà, ó sì kọjá sí ilé òfìfo tó kàn.

Àwọn arúgbó nìkan ló kù lábúlé orí òkè yìí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kálukú á so aṣọ ìyeyè síta. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á ká a wọlé. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá wà níta, ó jí ire nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá jáde, wọ́n á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ ń rán ẹnì kan bọ̀ wá ka ilé tí èèyàn ṣì ń gbé. Bí wọn kò bá pé mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì kò ní gun òkè mọ́, wọn kò sì pé. Bọ́ọ̀sì yẹn ló ń gbé Tamiyo lọ sọ́dọ̀ Genzō, ọkọ rẹ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nísàlẹ̀. Genzō kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Tamiyo nìkan ló ṣì ń gba oúnjẹ jẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni Tamiyo sọ fún ara rẹ̀, ló bá gé aṣọ ìbora ìyeyè àtijọ́ kan sí wẹ́wẹ́ láti so mọ́ àwọn ilé òfìfo.

Ẹnu ọ̀nà Shizuno, tó dojú kọ tirẹ̀, ló fi parí. Aṣọ kò tíì jáde níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó yìí tún ti sùn àsùnwọra. Ẹni tó ń bọ̀ wá ka ilé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ni Tamiyo bá yọ aṣọ kan so síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kuramoto lorúkọ ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n rán wá. Yìnyín mù ún dé orúnkún, nítorí náà ojú títì ló ti ka àwọn aṣọ náà. Tamiyo pè é wọlé, ó gbé tíì gbígbóná àti ẹ̀fọ́ oníyọ̀ fún un.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," Kuramoto wí. "Ilé yín pé. Bọ́ọ̀sì ò lọ ibì kankan."

Ó yẹ kí inú Tamiyo dùn. Ṣùgbọ́n ife tó gbé kalẹ̀ de Shizuno ti tutù. Shizuno kì í jẹ́ kí àlejò wọlé Tamiyo kó má yọjú. Òfófó loúnjẹ rẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi yọjú sí ẹ̀gbọ́n mi lódìkejì."

"Ṣé kò sí nǹkan? Aṣọ wọn ṣáà wà níta."

"Èmi ni mo so ó."

Wọ́n bá Shizuno nílẹ̀ ilé ìdáná, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó la ojú.

"Tamiyo, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ láàárọ̀. Mo rò pé ò ń wọlé bọ̀ ni."

Ó ṣe Tamiyo bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé Shizuno lọ tán, Kuramoto dúró, ó ń wo àwọn aṣọ náà láti ilé dé ilé. Ó ti yé e. Ó ní òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí òun ti kà, òun ti kà á. Tamiyo rántí Genzō tó ń lanu de ṣíbí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Tí aṣọ bá ti ń purọ́," ó wí, "ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn wa? Tún un kà, ọmọ mi."

Ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Kuramoto ń bá a kó wọn.

Nírọ̀lẹ́, ó jáde wá ká tirẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí òdìkejì bí ìṣe rẹ̀, níbi tí Shizuno ti máa ń bú u pé ó tún ti pẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rò pé gbogbo abúlé lòun ń so aṣọ yìí fún. Àṣé ojú kan ṣoṣo ló ń wò ó, ti Shizuno. Tamiyo dúró níbẹ̀, aṣọ lọ́wọ́, títí ilẹ̀ fi ṣú.