Akọrin Mẹ́tàdínlógún Kò Ṣeé Pín

17

Ọ̀gá akọrin pín wọn ní méjì-méjì, ẹnìkan ṣẹ́ kù. Ó pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni méjì ṣẹ́ kù. Mẹ́rin-mẹ́rin: ẹnìkan náà tún ni.

Ayàwòrán ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ìlà akọrin sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọ̀gá akọrin ń làágùn. Gbọnrangandan ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Áltò, àgbà obìnrin tó ń kọ ohùn áltò láàárín wọn, ti mọ ẹni tí "ẹnìkan" náà í ṣe. Etí ìlà ni òun fúnra rẹ̀ máa ń dúró sí, kí ó lè fara ti ògiri, nítorí orúnkún rẹ̀.

17, síbẹ̀

Ọ̀GÁ: Ẹ má bínú, Ìyá. Ìṣirò ni, kì í ṣe èmi.
ÌYÁ: Ìṣirò ò lẹ́nu. Ìwọ lo ń bá mi sọ̀rọ̀.
Ọ̀GÁ: Ìlà mẹ́rin, ẹni mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ wo bó ṣe máa gún.
ÌYÁ: Ta ló máa kọ áltò?
Ọ̀GÁ: Àwòrán kì í kọrin, Ìyá.

16

ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn yàrá akọrin)
Nípa oore-ọ̀fẹ́, ìlà wa ti dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni jọ̀wọ́ má ṣe sanra kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

15

Akọrin kan, awakọ̀ tó máa ń gbé Ìyá wá, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: *Ọ̀gá, mi ò ní lè wá mọ́. Orúnkún ń dun èmi náà.*

Èsì: *Kò burú. Ìlà mẹ́ta, márùn-ún-márùn-ún.*

14

Alágbàfọ̀: *Ọ̀gá, orúnkún ni o.*

Èsì: *Ìlà méjì, méje-méje. Ògo ni f'Ólúwa.*

13

Télọ̀: *Orúnkún.*

Kò sí èsì.

13 ÷

Awakọ̀ ló wá ròyìn rẹ̀ fún Ìyá nílé, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ba ìsìn Ọlọ́run jẹ́," ni Ìyá wí. Ó kọjú sí fèrèsé, kí awakọ̀ má baà rí i pé ó ń dùn mọ́ òun.

99

Ìlà mẹ́sàn-án, àgùntàn mọ́kànlá-mọ́kànlá. Ó gún régé. Olúṣọ́-àgùntàn fi wọ́n sílẹ̀ nítorí ọ̀kan.

20 − 3

Bí àwọn baba wa ṣe ń pe mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ẹni tí kò tíì dé.

13 + ?

Ọ̀sán Sátidé. Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá, ó gbé aṣọ akọrin Ìyá lọ́wọ́. Ó ti lọ̀ ọ́.

Ọ̀GÁ: Ìyá, tí ẹ bá wá, a di mẹ́rìnlá.
ÌYÁ (láti inú ilé): Tí mo bá wá, àwọn olórúnkún mẹ́ta náà ń bọ̀.
Ọ̀GÁ: A tún di mẹ́tàdínlógún nìyẹn.
ÌYÁ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé ìṣirò ló rán ẹ wá, àbí ìwọ fúnra rẹ lo wá?

Ọ̀gá gbé aṣọ náà sí apá kejì.

Ìyá fara ti ògiri, ó dìde. Ó di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mú. Kò tíì yí i; èsì ló ń dúró dè.