Ẹsẹ̀ Tí Díìfídì Gbé Mì

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù fídíò ní àdúgbò tí bàbá rẹ̀ ń gbé, ẹ bá mi sọ fún un pé kó kúkú lọ máa ta iyọ̀. Iṣẹ́ tèmi ò le. Ẹni tó ya ìgbéyàwó sórí fóònù, ẹni tó ya ọmọ tó ń rá, mo máa ń bá wọn kó o sórí díìfídì kí wọ́n lè wò ó nílé lórí telifíṣọ̀n. Oníbàárà kì í dà mí láàmú. Àwọn ará ilé mi ni wàhálà.

Orí òrùlé lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ilé wa ń jò, bàbá mi ò sì gbà kí káfíńtà kankan fọwọ́ kàn án. Àwọn fúnra wọn ló ń gun àkàbà, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Nígbà kan wọ́n pẹ́ lókè títí a fi jẹun tán; wọ́n ní àwọn ń wo ìlú ni. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí, ẹnu bó. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin ilé kejì já bọ́ látorí páànù tiẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì kán.

"Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni," ni ìyá mi wí.

Bàbá mi ní ọkùnrin yẹn ò mọ àkàbà í gùn ni.

Ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti dá sí i. Àwọn náà ti lé lọ́gọ́ta, àmọ́ ẹnu wọn ò tíì dàgbà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín ti rọ. Ẹ gbé àkàbà yẹn fún ẹni tó lágbára."

"Ẹsẹ̀ ta ló rọ?"

"Ẹ jẹ́ ká sáré, ká mọ̀!"

Bí àgbàlagbà méjì ṣe ká ṣòkòtò sókè nìyẹn. Ẹni tó bá borí ló ni àkàbà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan òrùlé mọ́ láéláé. Ìyá mi fi igi fa ìlà sẹ́nu géètì, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mò ń fi fóònù yà wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé eré nìyẹn? Bàtà ẹnì kan fò lọ sórí ìgànná. Wọ́n jọ dé orí ìlà, wọ́n ṣubú lu ara wọn, àwọn méjèèjì sì ń pariwo pé, "Èmi ni! Èmi ni!"

Mo ní kí wọ́n wá wò ó nínú fóònù. Bàbá mi ní òpùrọ́ ni fóònù, telifíṣọ̀n òun ni òun máa fi wò ó, pẹ̀lú ẹ̀rọ díìfídì òun tó ti ń bá òun bọ̀ látayébáyé. Bàbá Kékeré gbà. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Fídíò kì í rìn. Àwòrán tó dúró sójú kan ni, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, tó ń yára kọjá lójú ẹni. Fóònù mi ń ya ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ bàbá mi, arúgbó bíi tolówó ẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló mọ̀. Bẹ́ ẹ bá fún un ní ọgbọ̀n, á yarí, kò ní ṣí. Nítorí náà, nínú àwòrán mẹ́fà-mẹ́fà, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan nù. Ojú ẹni tó ń wò ó ò lè mọ̀.

Mo wá ń wo eré náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Háà! Ẹyọ kan ṣoṣo ló mọ òótọ́. Nínú ẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá mi ti tẹ ìlà, ti Bàbá Kékeré ṣì wà lófuurufú. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, Bàbá Kékeré ti fò kọjá ìlà, bàbá mi ṣì dúró lórí ẹ̀. Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí òrùlé tí wọ́n á tún máa gùn bí wọ́n bá borí. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é, ẹyọ yẹn á wà níbẹ̀. Àmọ́ bí mo bá gé bíńtín lára ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà wọ́n á yí, ẹyọ yẹn gan-an ló máa jù nù.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò tilẹ̀ kí mi.

"Bó bá jẹ́ bàbá rẹ ló borí, wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò fẹ́ di opó nítorí páànù."

"Màmá, èmi kì í yí àwòrán. Iṣẹ́ mi nìyí."

"Ta ní kó o yí i? Ṣebí ìwọ lo ní ẹ̀rọ máa ń ju nǹkan nù? Jẹ́ kó ju èyí tó yẹ."

Mo lé wọn jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí Màmá ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀, bàbá mi yọ níwájú. Wọ́n dúró títí oníbàárà kan tó wọlé fi lọ, wọ́n fa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ̀rọ yìí, ṣé kì í ṣàṣìṣe?"

"Àṣìṣe bíi ti báwo, Bàbá?"

"Má sọ ẹni tó borí fún mi. Mi ò fẹ́ gbọ́." Wọ́n jókòó. "Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo ní mò ń wo ìlú lórí òrùlé? Ìlú wo ni mò ń wò? Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ̀n. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi."

Omi bọ́ lójú mi. Mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ ò ṣe sọ fún Màmá?"

"Kí ìyá rẹ sọ fún àbúrò mi, kí ìyẹn fi mí ṣẹlẹ́yà wọ sàréè? Kí n kúkú fìdí rẹmi. Ẹni tó fìdí rẹmi, ó ṣáà sáré." Wọ́n dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Àmọ́ kó má pọ̀ o! Díẹ̀ báyìí ni kó fi jù mí lọ." Wọ́n fi ìka méjì wọn díẹ̀ náà hàn mí.

Mo gé bíńtín.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, tá a wò ó tán, Bàbá Kékeré fò sókè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá àjà. Bàbá mi ju fìlà mọ́lẹ̀. "Ojóóró! Ẹ tún un ṣe!" A tún un wò títí, ẹsẹ̀ Bàbá Kékeré ló ń ṣíwájú. Bí mi ò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀, ǹ bá sọ pé inú ń bí bàbá mi lóòótọ́. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sáré wọ yàrá.

Bàbá mi tẹ̀ lé mi dé géètì. "Ó yá. Ta ló borí?"

Mo ti tẹ ẹyọ àwòrán yẹn sórí pépà kékeré. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ tiwọn lórí ìlà, wọ́n wo ẹsẹ̀ àbúrò wọn lófuurufú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń mì. Wọ́n fi í sápò àyà. "Bí ìyá rẹ bá rí i, èmi àtìwọ la jọ máa sùn níta."

Òjò kò pẹ́ dé. Nígbà tó dá, Bàbá Kékeré gbé òòlù, wọ́n gun àkàbà pẹ̀lú ariwo. Wọ́n dé àárín, ariwo tán. Wọ́n gbá àkàbà mọ́ra.

Bàbá mi wà nísàlẹ̀, wọ́n di àkàbà mú. "Àbúrò, ṣé ò ń wo ìlú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú dáadáa."

Ọwọ́ bàbá mi lọ sí àpò àyà. Mo ní, ó tán, wọ́n máa yọ àwòrán yẹn báyìí. Wọn ò yọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ náà di àkàbà mú.

"Mo ti dì í mú. Sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí."

Ìyá mi ti wà lórí fóònù, wọ́n ń pe káfíńtà.