Ibi tí Ẹ̀rọ Yóò ti Bẹ̀rẹ̀

Láti ìgbà tí Sàníù àti Mùnírù ti ń jà nítorí ààlà oko bàbá wọn lẹ́yìn Mọ́níyà, Mùjíbátù, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, kò jẹun nílé ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ẹran Iléyá pàápàá, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Nígbà tí ìbò dé, tí oníkálukú wọn lẹ àwòrán ẹgbẹ́ tirẹ̀ mọ́ ògiri, Mùjíbátù fi ògiri tirẹ̀ sílẹ̀ lásán. "Èmi ò sí níbẹ̀ o," ló máa ń wí. Àwọn ará abúlé ní, "Adákẹ́-má-fọhùn, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun.

Nígbà tó yá, wọ́n pe Fẹ́mi, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Inú Mùjíbátù dùn kọjá sísọ. Ẹ̀rọ ò lábúrò, ẹ̀rọ ò dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ lọ́rùn òun nìyẹn.

"Níbo ni ààlà ti bẹ̀rẹ̀?" Fẹ́mi bi wọ́n.

Sàníù nàka sí pèrègún tó wà lápá odò. Mùnírù nàka sí òmíràn lápá òkè.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀rọ yìí ò mọ bàbá yín. Ibi tí ẹ bá fi hàn án ló máa ti bẹ̀rẹ̀."

Háà! Mùjíbátù ló tẹ̀ lé bàbá wọn lọ sóko lọ́jọ́ tí bàbá fi ààlà lélẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Àárín pèrègún méjèèjì gan-an sì ni oko ẹ̀gẹ́ tí Mùnírù fún un kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ wà, èyí tó fi ń ṣe gààrí tó ń jẹ. Bó bá la ẹnu, oko náà di ti Sàníù, ẹni tí kì í kí i mọ́.

Ó wo ẹ̀rọ títí. Ẹ̀rọ ò fọhùn.

"Mùnírù, má bínú," ó ní. "Pèrègún òkè yẹn, igi tí bàbá gún mọ́lẹ̀ láti fi so àgbò Iléyá ni. Ìwọ náà mọ pèrègún, kò síbi tí a gún un sí tí kì í hù. Ojú mi ló ṣe. Ti apá odò ni ààlà."

"Ẹ̀gbọ́n! Èmi tí mo fún yín nílẹ̀!"

"Ìwọ náà ni. Ó dun èmi náà."

Mùnírù pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Sàníù dorí kodò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ro ẹ̀gẹ́ yín lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á."

"Mi ò sọ ọ́ nítorí tìẹ o, jàre."

Nírọ̀lẹ́, Mùnírù dúró lẹ́nu ọ̀nà Mùjíbátù, ojú rẹ̀ ṣì le. "Ojú mi lẹ ti sọ ọ́, ẹ ò sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi ti gúnyán. Ṣé ẹ ṣì máa kọ̀ ọ́?"

"N ó jẹ ẹ́. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ pe Sàníù wá."

Mùnírù yíjú sí ọ̀nà ilé Sàníù, ó sì ń lọ. Mùjíbátù bu omi, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ dè wọ́n.