Àtẹ́lẹwọ́ Fàtíà Lórí Tiransífọ́mà

Èmi Hàbíbátù, oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, kì í ṣe ẹni tí ń tẹ̀ lé ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Fàtíà ọmọ mi, tó kọ obì sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ wáyà iná, rí iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ ní Ìlíṣàn, nílé Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó jẹ́ ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ mi ṣẹ̀sín, ojú mi ni wọn yóò ṣe é. Bí ìyá olóbì ṣe jókòó sílé àwọn tí kì í jẹ obì nìyẹn.

Ìyá Ọ̀gbẹ́ni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Iná tó bá mọ́lẹ̀ jù ń ta á lójú, òkùnkùn sì ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ni Fàtíà bá to gílóòbù wẹ́wẹ́ méjìlá sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lára ògiri, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a ń yí bíi ti rédíò kí iná lè dínkù. Ó ku tiransífọ́mà tó máa dín agbára iná ilé kù fún wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Sábáàtì dé nìyẹn. Ohun tó bá bàjẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gbẹ́ni ti ra tiransífọ́mà tirẹ̀ l'Ékòó, ó fúyẹ́, ó ń dán. Ti Fàtíà wúwo bí ọlọ.

"Wọ́ọ̀tì mẹ́rin lọ́nà méjìlá, méjìdínláàádọ́ta ni," Ọ̀gbẹ́ni wí. "Àádọ́ta ni tèmi lè gbé. Kí la fẹ́ fi ọlọ́gọ́rùn-ún ṣe?"

"Ìṣirò yín pé, sà," Fàtíà dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tan tiyín fún wákàtí kan."

Oòrùn ń lọ sílẹ̀, ọmọ mi káwọ́ gbera, kò ṣe nǹkan kan. Inú bí mi. Mo ní ọmọ yìí fẹ́ dójú tì mí lónìí. Bí iná yìí bá kú lọ́wọ́ Sábáàtì, ta ni yóò tún pe obìnrin wá fa wáyà ní Rẹ́mọ?

Nígbà tí wákàtí pé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tiransífọ́mà Ọ̀gbẹ́ni. "Sà, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gbẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà.

"Wákàtí kan péré nìyẹn," Fàtíà wí. "Màmá yín máa tàn án di ọ̀la. Ohun tí a bá dì kún bámúbámú kì í lè mí."

Ọ̀gbẹ́ni rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó wúwo fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, iná tàn. Màmá ní kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n tún dín in kù, ó ní ó tó. Ó rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà láìfi ọwọ́ ti ògiri. Orí mi wú.

Lójú ọ̀nà ni mo bi ọmọ mi pé ta ló kọ́ ọ láti máa fi ọwọ́ wo ooru.

"Ẹ̀yin ni, Màmi. Ṣebí ẹ ní ká máa ti ọwọ́ bọ agbọ̀n obì kó tó lọ Kánò, pé èyí tí a bá dì kún jù yóò gbóná, yóò sì jẹrà."

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń ráhùn fún gbogbo Ṣàgámù pé kò sí ọmọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba àpò irinṣẹ́ rẹ̀, mo gbé e rù. Nígbà tí a wọ àdúgbò, Àjọkẹ́ aládùúgbò mi béèrè pé kí ni mo rù lórí.

Mo ní, "Iṣẹ́ wa ni."