Lẹbẹ Tí Royce Gé

Kì í ṣe ìfun ẹja ló ń rí mi lára. Etí odò ni wọ́n bí mi sí, láti kékeré ni mo ti ń la ikùn àrọ̀. Royce àbúrò mi ló ń rí mi lára.

Ní adágún wa ní Oklahoma, àrọ̀ búlúù tó bá gùn ju ọgbọ̀n íǹṣì lọ, ẹyọ kan péré lèèyàn lè mú lóòjọ́. Àrọ̀ alámì kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú Royce lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó kọjá pé ó rú òfin yìí. Bí wọ́n bá tún mú un, ìwé àṣẹ tó fi ń gbé àwọn àlejò lọ pẹja yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta.

A ti mú búlúù ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ẹja mìíràn tún gbé ìwọ̀ mì. Ó dúdú bí aró, kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Royce pariwo. "Búlúù tún ni!"

"Fara balẹ̀, jàre. Ka egungun inú lẹbẹ ìdí rẹ̀ ná, bí Bàbá ṣe kọ́ wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo lójú. Mi ò sì ní dá a padà sómi."

Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé lẹbẹ ìdí ẹja náà kúrò láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ta sí bàtà mi.

"Tí ò bá ti sí lẹbẹ, ta ló máa mọ̀?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo mú lẹbẹ náà nílẹ̀ ọkọ̀ ojú omi wa. Ti búlúù máa ń gún gbọọrọ létí. Eléyìí rí roboto. Mo ka egungun tín-ín-rín inú rẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ti búlúù kì í dín ní ọgbọ̀n. Akọ alámì ni, àgbàlagbà tí àmì ara rẹ̀ ti pa rẹ́, tó sì dúdú bí akọ wọn ṣe máa ń dúdú lásìkò ìyéyin.

Kí n tó lanu, ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Stidham, olùṣọ́ adágún, ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó wo ẹja, ó gba lẹbẹ lọ́wọ́ mi, ó fi í bá ojú ọgbẹ́ náà mu, ó sì dá a padà fún mi.

"Alámì ni, Royce. Ká ní o gbé e lọ sílé lódidi, mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Àmọ́ èèwọ̀ ni kéèyàn gé lẹbẹ ẹja lórí omi. Mú ìwé àṣẹ ẹ wá."

Nígbà tó gba ìwé náà lọ tán, Royce kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ?"

Mo tutọ́ sódò, mo ju lẹbẹ náà sí i lẹ́sẹ̀.

"Kà á," mo ní. "O ti wá ráyè báyìí."