Ará Òkè Kì Í Fẹsẹ̀ Rìn Lọ

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ta ló ní mò ń ṣàìsàn?"

Kátapílà, bíríkìlà tó ga ju òpó iná lọ, ló jókòó sórí iyanrìn, tó ń pariwo. Ọwọ́ òsì tó máa ń fi gbé búlọ́ọ̀kù bí ẹni gbé búrẹ́dì kò lè di ṣọ́bìrì mú mọ́. Orí ń fọ́ ọ bíi pé wọ́n ń po kọnkéré nínú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ó yá, ilé ìwòsàn," ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ ìsàlẹ̀ ìlú, wí.

Ẹ̀gbọ́n Kátapílà, tí wọ́n jọ ń mọlé, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ ìlú yìí náà! Bí ẹ̀fọn bá jẹ yín nímú, ẹ ti tò sẹ́nu ọ̀nà dókítà. Àwa ará òkè kì í fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Gbígbé ni wọ́n ń gbé wa lọ!"

"Òkú sì lẹ ń gbé bọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Àbí ẹ ò rí i? Ilé ìwòsàn yẹn ò fẹ́ràn wa! Tiyín á wọlé, á gba oògùn, á jó padà sílé. Tiwa bá wọlé, ó parí."

"Dókítà kan náà ni o, abẹ́rẹ́ kan náà! Tiwa ń lọ nígbà tó ṣì lè bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Tiyín ń dúró títí á fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ni dókítà ni?"

Bàbá Kátapílà àti Ẹ̀gbọ́n ni ará òkè tí wọ́n gbé lọ kẹ́yìn, òkú rẹ̀ ni wọ́n sì gbé bọ̀. Odindi ẹ̀rùn ni orí fi fọ́ bàbá yẹn, tó ń lérí pé òun ṣì lè gbé erin pọ̀n.

Kátapílà wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó dìde, ó gbá èjìká ìyàwó rẹ̀ mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi lo sìmẹ́ǹtì yẹn kó tó gan."

"Gbogbo òkè á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Kí wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín wọn á fi jábọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kó ṣojú mi."

Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń wo ẹ̀yìn wọn. "Aláìsàn yín dà?"

"Èmi ni. Òkè ni mo ti wá."

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó pariwo. "Háà! Ẹ̀jẹ̀ yín ti gun òrùlé! Ẹ dùbúlẹ̀ kíá. Ọpẹ́ ni pé ẹ tètè dé, a máa rí i ṣe."

"Ṣé mi ò ní kú?"

"Pẹ̀lú ariwo yìí? Ẹ panu mọ́, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́."

Kátapílà dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọ̀pá gígùn méjì. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Pe Bọ̀ọ̀dá. Ní kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n máa bọ̀, kí nọ́ọ̀sì yẹ àwọn náà wò. Bí wọ́n bá ní ara àwọn le, sọ fún wọn pé ohun tí èmi náà wí nìyẹn."